Ohun tí a gbé sílẹ̀ ló fún tuntun láyè: ìrírí àwa tá a ń ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ díẹ̀

Olùdarí ọ́fíìsì, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ìmọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin náà fi ti yín kún un.

Àwa mẹ́ta péré la wà ní ọ́fíìsì wa. Àwa la ń gba owó ẹgbẹ́, àwa la ń fèsì ímeèlì, àwa la ń ṣètò ìpàdé gbogbogbòò, àwa la ń kọ ìwé ìròyìn, bí ìkànnì wa bá sì dákú, àwa náà ni wọ́n máa pè. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ bó ṣe máa ń rí bí ẹnì kan bá dìde nínú ìpàdé ìgbìmọ̀, tó ní, "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun." Gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́. Àwa tí iṣẹ́ náà máa já lé lọ́wọ́ á máa wojú ara wa. Kì í ṣe pé a kórìíra ohun tuntun. Àwa gan-an la sún mọ́ ọmọ ẹgbẹ́ jù, a sì mọ ohun tó yẹ kó yí padà. Ohun tó ń dùn wá ni pé kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tí a máa gbé sílẹ̀ kí ọwọ́ wa tó lè gba òmíràn.

Alága tuntun kan ló kọ́kọ́ béèrè rẹ̀. Nínú ìpàdé àkọ́kọ́ tó darí, kò mú àbá kankan wá. Ó ní kí a kọ gbogbo ohun tí ọ́fíìsì ń ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin sára pátákó, kí a má fo ọ̀kankan. A kọ ọ́ títí pátákó fi kún, a tún lẹ bébà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ ni kò mọ̀ pé à ń ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá béèrè ohun tí Peter Drucker, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ìṣàkóso tí wọ́n bí ní Vienna lọ́dún 1909, máa ń bi àwọn tó bá ń gbà nímọ̀ràn: ká ní a kì í ṣe èyí tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ohun tá a ti mọ̀ báyìí, ṣé a máa dáwọ́ lé e lónìí? Bí a kò bá ní dáwọ́ lé e, kí la fẹ́ ṣe sí i?

Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tí a máa ń tẹ̀ lọ́dọọdún, ilé pa lọ́lọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé Baba kan tó jókòó níbẹ̀ ló dá ìwé yẹn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà nípò akọ̀wé. A tún mọ̀ pé kí ìwé náà tó ti ilé ìtẹ̀wé dé, nọ́ńbà fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn inú rẹ̀ ti yí padà. Alága ò ní kí a pa á tì. Ó yíjú sí Baba, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, kí lẹ fẹ́ kó ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́?" Baba ní àwọn fẹ́ kí ẹni tó bá dé ibi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni lè rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Alága ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń rí ara wọn báyìí, sà?" Baba wò mí. Mo ní ọ́fíìsì ni wọ́n máa ń pè. Baba mi orí, wọ́n ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a gba ìyọ̀ǹda olúkúlùkù, kí a gbé orúkọ náà sórí ìkànnì níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ á ti lè wá a fúnra rẹ̀, kí a sì tẹ ìwọ̀nba fún àwọn àgbà tó bá béèrè. Ẹnu Baba fúnra wọn ló ti jáde. Kò sí ìjà, kò sì sẹ́ni tó fojú wọn gbolẹ̀. Mo ti rí àyípadà tó dára ju èyí lọ tó dà rú nítorí pé wọ́n kọ́kọ́ fi ẹni tó bẹ̀rẹ̀ nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́.

Àsìkò tí ìwé yẹn máa ń gbà lọ́wọ́ wa la fi ń pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun lórí fóònù. Gbogbo wa nídìí iṣẹ́ yìí la mọ̀ pé ọdún àkọ́kọ́ ni ọmọ ẹgbẹ́ máa ń tètè yọ lọ, torí pé ó ti sanwó, kò sì sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Ìbéèrè méjì péré là ń bi wọ́n: kí lẹ bá wọ ẹgbẹ́, ṣé ẹ sì ti rí i? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dárúkọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ńlá tí à ń náwó lé. Àgbà iṣẹ́ tí wọ́n lè bi ní ìbéèrè láìtijú ni wọ́n ń wá. Bí ètò alábàárò wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: àgbà kan, ọmọ tuntun méjì, ìpè kan lóṣù. Ètò yìí ni wọ́n ń dárúkọ jù báyìí tí a bá béèrè ohun tó mú wọn dúró.

Alága tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ oníṣòwò

Ẹ ṣeun gan-an, Olùdarí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ìgbìmọ̀, nítorí àwa ìgbìmọ̀ la máa ń di ọ́fíìsì kékeré lọ́wọ́ jù, a kì í sì í mọ̀.

Ní ẹgbẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ púpọ̀, ọ̀gá ọ́fíìsì máa ń wà láàárín ọmọ ìgbìmọ̀ àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Níbi tí òṣìṣẹ́ bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́rin lè pe òṣìṣẹ́ kan náà láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí olúkúlùkù rán an níṣẹ́ ọ̀tọ̀. Bí mo ṣe bá a nìyẹn. Ọmọbìnrin tó ń bójú tó owó ẹgbẹ́ ní ìwé àjákọ kan tó ń kọ "ẹni tó pè" àti "ohun tó ní kí n ṣe" sí. Mo ní kó jẹ́ kí n rí i. Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí nínú ìpàdé kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó wà níbẹ̀. Ìyókù jẹ́ ohun tí ẹnì kan rò lójú ọ̀nà tó sì gbé fóònù.

Ìpàdé wa náà ní ìṣòro tirẹ̀. Lọ́dún 1957, òpìtàn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, C. Northcote Parkinson, ṣàpèjúwe ìgbìmọ̀ kan tó fọwọ́ sí owó ilé iṣẹ́ agbára átọ́míìkì láàárín ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀, tí wọ́n wá fi ìṣẹ́jú 45 jiyàn lórí àtíbàbà tí àwọn òṣìṣẹ́ máa gbé kẹ̀kẹ́ wọn sí. Ọ̀rọ̀ átọ́míìkì ju òye wọn lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ àtíbàbà. Tiwa ni àwọ̀ báàgì àpérò. Ètò ìnáwó odindi ọdún kọjá wẹ́rẹ́, báàgì gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ohun tí a ṣe kò le. A ń fi ìwé ìpàdé ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Gbogbo ìjábọ̀ tí kò ní àríyànjiyàn la dì pọ̀, a ń fọwọ́ sí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ẹnì kan bá ní kí a yọ ọ̀kan jáde fún ìjíròrò. Ọ̀rọ̀ tó tóbi jù ló ń ṣáájú, nígbà tí ojú ṣì mọ́. Èmi alága ni mò ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, torí mo ti rí i pé bí mo bá ti sọ èrò mi, àwọn tó kù á máa fara mọ́ ọn ni. Iṣẹ́ ọ́fíìsì sì ń gba ọwọ́ olùdarí nìkan kọjá. Bí ọmọ ìgbìmọ̀ bá pe òṣìṣẹ́, ó láṣẹ láti sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá Olùdarí sọ ọ́."

Inú àgbà kan bí gidi. Wọ́n ní ṣé ọmọ kékeré ló máa wá dá àwọn lóhùn? Mo lọ bá wọn nílé, mo dọ̀bálẹ̀, mo jókòó tì wọ́n. Mo ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbalagbà kò wọ kèrègbè: ìgbìmọ̀ ló ń mọ ibi tí ẹgbẹ́ ń lọ, òṣìṣẹ́ ló ń mọ bí wọ́n ṣe máa débẹ̀. Kò yé wọn lọ́jọ́ yẹn o. Ìgbà tí ọ́fíìsì parí ìwé ìṣirò owó kí àsìkò tó tó, tí kò ṣẹlẹ̀ rí lójú wọn, ni wọ́n pè mí.

Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹgbẹ́ olùkọ́

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Èmi ni mo kéré jù ní ọ́fíìsì wa, ó sì wù mí kí ẹ mọ bó ṣe ń rí lójú àwa ọmọ iṣẹ́.

Olùdarí wa ní ìlànà kan. Èrò tuntun yòówù, ẹ dán an wò ní kékeré, ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí àti ohun tí ẹ bá rí tí ẹ máa fi dá a dúró. Mo dá àbá pé kí a máa ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí iye ẹni tó wá kò bá tó ìwọ̀n báyìí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a máa dáwọ́ dúró. Kò tó o. Mo ti ń ronú ohun tí màá sọ fún ìgbìmọ̀. Olùdarí ló dìde níwájú wọn, wọ́n ní, "A dán an wò, kò tó ohun tí a retí, ohun tí a kọ́ níbẹ̀ nìyí." Wọn ò dárúkọ mi. Wọ́n tún ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn bó ṣe rí gan-an.

Lẹ́yìn ìwé ìròyìn yẹn ni lẹ́tà ń wọlé. Àwọn olùkọ́ ní àwọn fẹ́ ẹ̀kọ́ náà, àkókò tí a fi í sí ni kò bá wọn lára mu, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń máàkì iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé. Wọ́n ní kí a gbà á sílẹ̀, kí àwọn máa wò ó nígbà tó bá rọrùn. Bí a ṣe ń ṣe é dòní nìyẹn. Ká ní a bò ó mọ́lẹ̀ ni, ta ló máa kọ̀wé sí wa?

Mo kà nípa Amy Edmondson, tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó ń ṣèwádìí láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn láwọn ọdún 1990, ó rò pé ibi tí wọ́n ti ń bára wọn ṣiṣẹ́ dáadáa ni àṣìṣe lórí oògùn á ti kéré. Ibẹ̀ gan-an ló wá pọ̀ sí nínú àkọsílẹ̀. Bó ṣe tú u wò ló rí i pé ibẹ̀ ni ẹ̀rù ò ti bà wọ́n láti sọ ọ́ jáde. Mo kà á, mo rántí Olùdarí wa.

Akápò, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Gbogbo ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n owó ọmọ ẹgbẹ́ ni o. Ẹgbẹ́ kékeré kò ní àpò tó jìn, ohun tuntun kan tí à ń dán wò, tó bá tàn kálẹ̀ jù, lè jẹ owó tí a fi pa mọ́ fún ọjọ́ òjò. Èmi kò dènà, mo kàn fi ààlà sí i. Nínú ètò ìnáwó wa, owó díẹ̀ wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "owó àdánwò". Bó bá tán, ó tán títí ọdún mìíràn. Ọ́fíìsì lè ná an láìgbàṣẹ, bí wọ́n bá ti lè jábọ̀ ohun tí wọ́n rí. Látìgbà náà ni wọn ò ti wá bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ mi mọ́ nítorí owó kékeré, èmi náà sì ń sùn dáadáa.

Àwọn tó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ṣe é lọ́nà mìíràn. Àwọn 28 tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Rochdale, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní December 1844, pọ́n-ùn 28 ni wọ́n dá jọ. Ọjà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kò ju oríṣi mélòó kan lọ: bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, àbẹ́là. Ìgbà tí ìyẹn dúró ni wọ́n fi òmíràn kún un. Ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan, yálà owó rẹ̀ pọ̀ tàbí kò pọ̀.

Akọ̀wé, ẹgbẹ́ olórin

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, àwa tí alága wa kò dà bí ti yín ńkọ́? Èmi nìkan ni òṣìṣẹ́. Bí mo bá ní kí a fi nǹkan kan sílẹ̀, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni mí.

Olùdarí ọ́fíìsì, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ìmọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, Akọ̀wé. Mo ti bá ẹni tó wà nípò yín sọ̀rọ̀ rí, ohun tó ṣe ni màá sọ fún yín, torí ó ṣiṣẹ́ fún un.

Kò ráhùn mọ́. Fún odindi oṣù kan, ó ń kọ wákàtí tó ń lò lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, lójoojúmọ́, ìlà kan péré. Lópin oṣù, ó pín in sí ọ̀nà méjì: èyí tí ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn béèrè, àti èyí tí kò sẹ́ni tó béèrè. Kò gbé e lọ sí ìpàdé. Akápò ló kọ́kọ́ fi hàn ní ìkọ̀kọ̀, nítorí akápò ló tètè ń mọ ohun tí wákàtí túmọ̀ sí lówó. Akápò ló wá gbé e síwájú ìgbìmọ̀, àbá rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: kí a dá ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń ṣí dúró fún oṣù mẹ́ta, kí a wò ó bóyá ẹnikẹ́ni máa béèrè rẹ̀. Ẹ rí i pé kò ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ìdádúró rọrùn láti gbà fún alága tó ń bẹ̀rù.

Bí ẹ bá kọ tiyín fún oṣù kan, ẹ jẹ́ ká gbọ́ èyí tó gba àsìkò yín jù. Bó bá ṣe ìwé ìkésíni àti ètò ìfidánrawò ni, Alága àti Akápò tó sọ̀rọ̀ lókè náà á lè fi ìmọ̀ràn ti wọn kún un.