Ilẹ̀ kíṣínì tí a fi ń dáná tà: kí la máa tẹ́ sí i?

Ẹni tó ń béèrè, Old Kent Road, London
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù kan gbà. Àmàlà, ọbẹ̀ àti àkàrà ni mo fẹ́ máa tà níbẹ̀. Laminate ló wà nílẹ̀ báyìí, etí rẹ̀ sì ti ń wú níbi tí omi ti ń kàn án. Bíídà tó wá wò ó ní òun máa lẹ táìsì funfun tó ń dán, pé ó mọ́ lójú, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Olóúnjẹ, Peckham
Àbúrò mi, o kú oríire. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó lẹ táìsì dídán yẹn. Òun lèmi náà kọ́kọ́ lò. Lọ́jọ́ kan, ewédú dà sílẹ̀, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ gbé ìkòkò omi gbígbóná kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ọlọ́run ló kó ojú rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n omi náà bó o lápá. Títí dòní ni igbe ọmọ yẹn ṣì wà létí mi. Kò sí ibi tí a ti ń se oúnjẹ wa tí epo kì í ta sílẹ̀, tí ilá kì í kán sílẹ̀.

Àárín táìsì sí táìsì tún wá ni ìyọnu kejì. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi dí i, sìmẹ́ńtì sì ń mu epo. Kó tó pé ọdún kan, gbogbo ìlà funfun yẹn ti dúdú, ó ń rùn láàárọ̀ ká tó dáná rárá. Mo da blíìṣì sí i, mo kúnlẹ̀ mo fọwọ́ ha á, kò lọ. Nígbà tí wolé-wolé káńsù dé, kò tiẹ̀ wo ojú táìsì. Ìdí ẹ̀rọ tí a fi ń dín àkàrà ló lọ, ó tan iná sí igun tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri. Ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń sá pamọ́ sí.

Òfin ìmọ́tótó oúnjẹ tí wọ́n ń lò, Regulation 852/2004, ní kí ilẹ̀ wà láìfọ́, kó ṣe é fọ̀, kó má fa omi mu, kó má sì ní májèlé. Laminate ti kùnà níbẹ̀. Igi ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó ń tẹ́ ilẹ̀, Manchester
Ẹ kú ọ̀rọ̀, Mà. Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Fún ṣọ́ọ̀bù kékeré, safety vinyl ni mo sábà máa ń tẹ́, èyí tí wọ́n po yanrìn líle wẹ́wẹ́ mọ́, tó ń há díẹ̀ lábẹ́ bàtà kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà ti inú ilé o. A máa ń fi iná jó ojú ìsopọ̀ rẹ̀ pọ̀, a ó sì ká a gun ògiri tó mìlímítà 100, kí igun tí Ìyá Olóúnjẹ sọ yẹn má sí mọ́ rárá. Àléébù rẹ̀ ni pé ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná máa jó o. Ẹ wá irin tí ẹ ó máa gbé ìkòkò àmàlà lé.

Polyurethane resin, èyí tí a ń dà sílẹ̀ tó sì ń gan, ló lágbára jù. Ti mìlímítà 9, omi tó ń hó ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ó wọ́n ṣá.

Èyí yòówù kí ẹ mú, ẹ béèrè PTV rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ń di ẹsẹ̀ mú tó, nígbà tí omi bá wà lórí rẹ̀. Láti 36 sókè ni Health and Safety Executive, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́, kà sí èyí tí ewu yíyọ̀ rẹ̀ kéré. Láti 24 wálẹ̀, ewu ńlá ni. Àwọn tó ń tà á á máa pe R9 dé R13 fún yín, ìyẹn ìwọ̀n mìíràn fún bí ilẹ̀ ṣe ń di ẹsẹ̀ mú tó. R9 ló kéré jù nínú wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi tàn yín. Kí wọ́n tó tẹ́ ẹ, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo bí ọ̀rinrin inú kọ́ńkéré abẹ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bó bá ju 75% lọ, ẹ dúró kó gbẹ.

Ẹni tó ń béèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Ilẹ̀ tó ń há bẹ́ẹ̀, ṣé kò ní í ṣòro láti fọ̀?

Ìyá Olóúnjẹ
Bó bá jẹ́ mọ́ọ̀pù nìkan lo fẹ́ lò, á ṣòro. Mọ́ọ̀pù kàn ń gbé epo kiri ni. Gbá ilẹ̀, da omi gbígbóná àti ọṣẹ tó ń tú ọ̀rá sí i, jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì onígi gígùn ha á, kí o wá fi rọ́bà fa omi lọ sínú ihò. Alaalẹ́ ni o. Fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní káńsù, ó kéré tán ọjọ́ 28 kí o tó ṣí, kí o sì bi wọ́n nípa ilẹ̀ náà kí o tó náwó.

Ẹni tó ń béèrè
Mo ti ní kí bíídà dá táìsì padà, Mà. Ihò omi kan ṣoṣo ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ilẹ̀ ò sì tẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó ń tẹ́ ilẹ̀
Kí wọ́n kọ́kọ́ fi screed, ìyẹn sìmẹ́ńtì tí a po mọ́ yanrìn, da ilẹ̀ náà kó rọra dàgẹ̀rẹ̀ síhà ihò, kó tó kan vinyl. Ẹ fi àwòrán àti ìwọ̀n yàrá náà ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ yìí.