Láti Skipton, Bọ́ọ̀sì Ni A Fi Dé Ìgbèríko: Ìrírí Èmi àti Màmá Mi

Ẹ̀yin ará, ẹnì kan nínú wa béèrè bóyá ẹni tí kò ní mọ́tò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ní ìgbèríko Yorkshire, ní àríwá England. Ìbéèrè náà wọ̀ mí lọ́kàn, nítorí pé ọdún 9 ni mo fi gbé ní ìlú Bradford tí kò jìnnà sí ibẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Mo máa ń rí àwọn òkè láti ojú fèrèsé ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé àwọn onímọ́tò nìkan ni wọ́n wà fún. Màmá mi ni wọ́n là mí lójú.

Ní oṣù Keje ọdún 2024 ni wọ́n wá kí wa láti Ìdànrè. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n nígbà náà, wọn kò sì mọ bí a ti í jókòó sójú kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ti ń wo ògiri ilé aládùúgbò, wọ́n bi mí pé, "Ṣé àwọn ará ìhín kò ní oko ni?" Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ, òun ni ó sì sọ fún mi pé kí a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Skipton, kí a wọ bọ́ọ̀sì 72 níbẹ̀ lọ sí Grassington, kí a sì máa tẹ̀lé odò Wharfe títí a ó fi dé Burnsall.

Ìlú ọjà ni Skipton láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìlú àgùntàn ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, Ọba John sì ni ó fún wọn ní àṣẹ láti máa ná ọjà ní ọdún 1204. Títí di òní, ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé ni àwọn ọlọ́jà máa ń pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ òpópónà, tí ilé olódi àtijọ́ sì dúró lókè ọjà. Ọjọ́ Ẹtì ni a lọ. Màmá mi ti fẹ́ dúró ná ọjà, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n pé kí a fi í di ìgbà tí a bá ń padà, nítorí pé ẹni tí ó bá ru ẹrù ọjà kiri inú pápá kò ní gbádùn ara rẹ̀.

£2 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wa san nínú bọ́ọ̀sì, nítorí pé ìjọba ti fi gbèdéke sí owó ọkọ̀ ní England nígbà náà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025, £3 ni gbèdéke náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kí a tó wọlé ni pé mo ya fọ́tò ìwé àkókò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibùdókọ̀, mo fi bíró kọ aago bọ́ọ̀sì ìkẹyìn tí ń padà sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi, mo sì ṣírò ìrìn wa láti ibẹ̀ padà sẹ́yìn. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní mọ́tò ni ó lè bẹ̀rẹ̀ ìṣírò láti àárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni àwa tí ń wọ bọ́ọ̀sì ti ń bẹ̀rẹ̀ tiwa.

Láti àárín Grassington, ọ̀nà tóóró kan gba àárín ògiri òkúta méjì sọ̀kalẹ̀ lọ sí Linton Falls, níbi tí odò ti ń fi ariwo já lórí àpáta. A wò ó títí láti orí afárá ẹlẹ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ni a kọjú sí ìsàlẹ̀ odò. Kò pẹ́ tí a fi kan géètì oko kan, àgùntàn sì pọ̀ nínú pápá náà, wọ́n fi ọ̀dà pupa àti búlúù sàmì sí wọn lẹ́yìn. Màmá mi dúró. Wọ́n ní, "A kì í wọ oko olóko láìjẹ́ pé a kí olóko." Mo fi àmì ọfà ofeefee tí wọ́n kàn mọ́ òpó géètì hàn wọ́n, mo sì ṣàlàyé pé ilẹ̀ náà ní olúwa rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin England ti sọ ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó gba inú rẹ̀ kọjá di ti gbogbo ènìyàn, tí olóko kò fi ní ẹ̀tọ́ láti dí i, bí àwa náà kò ṣe ní ẹ̀tọ́ láti yà kúrò lójú rẹ̀ ká máa tẹ koríko rẹ̀ kiri. Èmi fúnra mi kò gbà á gbọ́ tán nígbà tí mo ń sọ ọ́. Kí a tó dé àárín pápá, àgbẹ̀ náà gun alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin dé, àyà mi sì já. Màmá mi tẹ orúnkún díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, baba." Ó gbé ọwọ́ sókè kí wa, ó ní kí a ṣáà máa pa géètì dé nítorí àwọn àgùntàn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí géètì tí màmá mi kò padà lọ fọwọ́ tì wò bóyá mo pa á dé dáadáa.

Bíríkìlà ni bàbá tí ó bí màmá mi, nítorí náà ògiri òkúta ọ̀hún ni ó gba àfiyèsí wọn jù lọ. Kò sí sìmẹ́ńtì nínú rẹ̀, kò sí amọ̀. Wọ́n ki ìka bọ àlàfo rẹ̀, wọ́n rí i pé ògiri méjì ni ó fara ti ara wọn, tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ kún àárín, tí òkúta gígùn sì dábùú láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti so ó pọ̀. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a bí ẹni ń gbá ọmọ lẹ́yìn, wọ́n ní, "Ẹni tí ó mọ èyí kò kánjú."

Nítòsí abúlé Hebden ni afárá kan wà tí wọ́n fi wáyà gbé rọ̀ sókè odò láti ọdún 1885. Ó tóóró tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn méjì kò lè pàdé lórí rẹ̀ ní ìrọ̀rùn, ó sì máa ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Màmá mi wo omi, wọ́n wo wáyà, wọ́n tú gèlè orí wọn fi di ìdí, wọ́n sì sọdá láìwo ẹ̀gbẹ́. Ìgbà tí wọ́n dé òdìkejì ni mo tó rántí láti mí èémí. A jẹ àkàrà tí a wé sínú fọ́ìlì lórí koríko ní Burnsall, ní iwájú afárá olójú márùn-ún tí ó wà níbẹ̀, a sì gba ọ̀nà kan náà padà. Àlọ àti àbọ̀ kò ju nǹkan bíi máìlì 7 lọ, kò sì sí òkè gíga kan lójú ọ̀nà.

Láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Leeds:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí ẹ sọ nípa bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ni ó mú mi kọ̀wé, nítorí pé èmi kò ṣírò tèmi. Abúlé Malham ni èmi àti àwọn ọmọ mi méjì lọ, láti Skipton kan náà. Ògiri àpáta tí wọ́n ń pè ní Malham Cove ga tó mítà 80, òkúta ẹfun ni, ó sì tẹ̀ bí igbá tí wọ́n là sí méjì. Àtẹ̀gùn nǹkan bíi 400 ni a gùn dé orí rẹ̀, níbi tí òjò ayébáyé ti jẹ òkúta náà sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí àwọn ewéko sì ń hù nínú kòtò tóóró tí ó wà láàárín wọn. Omi kì í ṣàn láti orí rẹ̀ mọ́, àfi ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 2015, lẹ́yìn ìjì ńlá kan, tí ó tún di ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Àwọn ọmọ kò fẹ́ kúrò lórí òkúta náà, èmi náà kò sì lé wọn. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ dé ibùdókọ̀ ni mo rí i pé àkókò ọjọ́ iṣẹ́ ni mo kà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ Àìkú ni a wà. Bọ́ọ̀sì ti lọ. Nẹ́tíwọ̀kì kò sí lórí fóònù mi, àbíkẹ́yìn mi sì ti ń sunkún. Ọlọ́run ló ṣe é tí tọkọtaya àgbàlagbà kan ń kó bàtà ẹlẹ́rẹ̀ wọn sínú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa; wọ́n gbé wa dé Gargrave, níbi tí a ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ọpẹ́ tí mo lè dá. Ẹ ka òkè ìwé àkókò yẹn, níbi tí wọ́n kọ ọjọ́ sí, lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó ka aago tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Keighley:

Tèmi kò gùn. Bolton Abbey ni mo fẹ́ràn jù, níbi tí ahoro ilé àwọn mọ́ńkì wà létí odò Wharfe kan náà, tí wọ́n sì ń jọ́sìn títí di òní nínú apá kan rẹ̀ tí kò wó. Ẹni tí ó bá mú ọmọdé dání, kí ó ṣọ́ ọ gidigidi ní ibi tí wọ́n ń pè ní Strid. Odò tó fẹ̀ yìí fún ara rẹ̀ pọ̀ sáàárín àpáta níbẹ̀ débi tí yóò fi dà bíi pé ènìyàn lè fò ó kọjá. Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀, omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn, ó sì ti gba ẹ̀mí. Èmi di ọwọ́ ọmọ mi mú títí a fi jìnnà sí ibẹ̀.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ̀wé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ àwọn ọmọ. Fún ẹni tí ó béèrè irú bàtà tí ó yẹ láti wọ̀ fún ìrìn yìí, mo wọ bàtà kanfáàsì ní ọjọ́ tí mo sọ yẹn nítorí pé ilẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà lọ ní oṣù Kẹwàá, ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ mi lẹ́nu gbogbo géètì tí àgùntàn ti ń kọjá. Ẹ wá bàtà tí ó bo ọrùn ẹsẹ̀, ẹ sì mú aṣọ òjò dání bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn ní Skipton.