Nọ́ọ̀sì tí kì í wojú èèyàn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Nọ́ọ̀sì ni mí, ìpínlẹ̀ Nasarawa ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n gbé ètò iye-iṣẹ́-iye-owó dé, ìyẹn ni pé bí iṣẹ́ ilé ìwòsàn bá ṣe tó ni owó tí wọ́n ń san fún un ṣe máa tó. Owó Báńkì Àgbáyé ni. Ìparí 2011 ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní Wamba ti Nasarawa, ní Fufore ti Adamawa àti Ìlà-Oòrùn Oǹdó. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kàn wá.

Aboyún tó bá bímọ lọ́dọ̀ wa, owó ni fún wa. Ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára pé, owó ni. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń wá yẹ̀ wá wò, ìyẹn ò bà wá lẹ́rù. Àwọn ará àdúgbò tó ń mú orúkọ nínú rẹ́jísítà wa, tí wọ́n ń tọ aláìsàn lọ sílé, àwọn la bẹ̀rù. Ṣé lóòótọ́ lẹ lọ? Ṣé wọ́n tọ́jú yín dáadáa?

Ọkàn mi balẹ̀ ní tèmi, mo mọ iṣẹ́ mi. Àfi ọjọ́ tí ọ̀gá wa ka èsì sókè. Ìyá kan ní ara òun ti yá, oògùn sì pé, "ṣùgbọ́n Bayarabiya yẹn ò wojú mi títí mo fi jáde." Èmi nìkan ni Yorùbá níbẹ̀! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Inú bí mi. Ṣé wíwojú ló ń wo ibà ni?

Nígbà tí mo délé ni mo rò ó dáadáa. Káàdì ni mo máa ń tẹjú mọ́, nítorí Hausa mi ò já gaara, ojú ń tì mí. Mo wá kọ́ "Yaya jiki?", ìyẹn "Báwo lara?" ní Hausa, mo sì ń dúró gbọ́ èsì kí n tó mú bírò. Owó tó wọlé, a fi ra bẹ́ǹṣì, a fi páànù ṣe ibòji, torí inú oòrùn ni àwọn aláìsàn ń tò sí tẹ́lẹ̀. Ẹnìkan láàárín wa tiẹ̀ ń bẹ aláìsàn pé bí àwọn ará àdúgbò yẹn bá wá bi wọ́n léèrè, kí wọ́n yìn wá. Èyí ò bá mi lára mu rárá.

Èsì:

Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Aláìsàn ni èmi. Ilé ìwòsàn kan l'Abuja, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù pé ṣé ìtọ́jú tẹ́ mi lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì tó gbé e wá ò kúrò lórí mi. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máàkì ibi tó dáa fún wa." Bírò rẹ̀ náà ni mo fi máàkì ẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ni mo ti fi jókòó kí dókítà tó dé.