Béárì: ṣé sìpíréè ata ni kí n gbé àbí ìbọn?
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí o. Houston ni mo ń gbé, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ lọ sùn nínú igbó páàkì Glacier ní Montana fún ọjọ́ 4 lóṣù kẹsàn-án, béárì grizzly sì pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi yẹn ní ìbọn ìléwọ́ lòun máa gbé, mo wá ka òfin páàkì náà, èèyàn lè gbé e o àmọ́ kò gbọdọ̀ yìn ín, kí wá ni ká fi ṣe? Èmi ti ra sìpíréè ata agolo kan, èyí tí wọ́n ń fín sójú béárì kó lè sá, mo so ó mọ́ bẹ́líìtì, mò ń fi yíyọ ẹ̀ dánra wò ní pálọ̀, ìyàwó mi ń fi mí ṣẹ̀rín, àfìgbà tí mo gbọ́ pé wọn ò gbà á nínú bàálù rárá, ì báà jẹ́ nínú ẹrù, ọ̀hún la máa ti ra òmíì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni atẹ́gùn orí òkè, ìṣẹ́jú àáyá bíi 7 péré lata yẹn fi ń tú tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó rí, tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ bọ̀ lójú mi, ṣé kí n jẹ́ kí béárì sún mọ́ mi dáadáa kí n tó tẹ̀ ẹ́ ni, àbí kí n kọ́kọ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́? Agolo mélòó ló sì máa tó èèyàn 3?