Tiransifọ́mà dé, gáàsì kò dé: ìrírí àdúgbò wa ní Ìbàdàn

Ní ọdún 2016, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa ní ìhà Apẹ̀tẹ́. Lóru ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ pẹ̀lú àrá, tiransifọ́mà wa jóná, a sì wà nínú òkùnkùn fún oṣù mẹ́rin gbáko. A kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, a sì lọ síbẹ̀ títí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi mọ̀ wá lójú, ṣùgbọ́n èsì kan náà ni wọ́n ń fún wa: kí a ní sùúrù, kò tíì sí owó. Nígbà tí ara kò gbà á mọ́, a pe ìpàdé, ilé kọ̀ọ̀kan sì dá 40,000 náírà. Màmá kan tó jẹ́ opó, tó ń ta àkàrà, san tirẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, èmi ni mo sì ń kọ rìsíìtì fún wọn nígbà kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ tí iná dé, àwọn ọmọdé ké "Up NEPA" títí ohùn wọn fi há. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí iná fi di wákàtí méjì lóòjọ́, nígbà mìíràn kò sì ní wá rárá. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni tó kó owó jẹ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ amúnáwá kan ló là mí lóye. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, tiransifọ́mà tí ẹ rà kì í mú iná jáde, èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i ló ń pín." Ó ṣàlàyé pé láti Òṣogbo àti ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọlọ́runṣògo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wáyà alágbára 330 kilovolt ti ń gbé iná wá sí ibùdó iná Ayédé ní Ìbàdàn, kí ó tó di pé wọ́n pín in káàkiri Ìbàdàn. Gáàsì ni Ọlọ́runṣògo ń lò, inú ọ̀pá tó ti Escravos ní Ìpínlẹ̀ Delta lọ sí Èkó ni gáàsì náà sì ń gbà. Ọdún 2016 yẹn gan-an ni wọ́n ń fọ́ àwọn ọ̀pá epo àti gáàsì ní Niger Delta, tí gáàsì tó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn amúnáwá fi dín kù gidigidi.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi ronú sí owó ìlú. Nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, ní 2004, ni wọ́n dá ètò NIPP sílẹ̀. Owó epo rọ̀bì tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ jọ ni ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá tuntun, apá kejì ti Ọlọ́runṣògo sì wà lára wọn. Èyí já sí pé owó tiwa náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rọ púpọ̀ ti wà nílẹ̀ nígbà tí gáàsì tí yóò tó wọn lò kò tíì sí. Ó dùn mí wọra, nítorí wọ́n ra ìkòkò, wọn kò wá igi ìdáná.

Àwọn kan ní láti November 2013 tí wọ́n ti ta pínpín iná fún aládàáni, kò kan ìjọba mọ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Wáyà alágbára ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, àtúnṣe òfin ọdún 2023 sì ti fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti pèsè iná fúnra rẹ̀. Bí a bá fẹ́ ná owó ìlú sórí iná, kí a tọ ipa rẹ̀ láti ẹnu kànga gáàsì dé òpó tó wà níwájú ilé màmá alákàrà yẹn, kí a má ṣe fo ibì kankan.

Ohun kan tí a kò mọ̀ nígbà náà ni pé àjọ NERC, tó ń ṣe àbójútó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ní Nàìjíríà, ní kí àdúgbò tó bá fẹ́ ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ tó ń pín iná tọwọ́ bọ̀wé, kí owó náà lè padà sọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò. A kò ní ìwé kankan. Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, wọ́n tún fẹ́ gba owó wáyà. Mo dìde, mo ní kí ìwé àdéhùn kọ́kọ́ wà. Àwọn àgbà méjì ní mò ń fi iná falẹ̀. Màmá alákàrà ló ní kí wọ́n dúró ná. Màmá tú gèlè, wọ́n sì kó rìsíìtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì.