Kí ló dé tí wáìnì ilẹ̀ olótùútù fi ń kan?

Ìyá Ọlọ́tí, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Wáìnì wà lára ọjà tí mo ń tà, pàápàá nígbà tí Ojúde Ọba bá ń sún mọ́lé, tí àwọn regbẹ́regbẹ́ ń wá ọtí tí wọn yóò fi ṣe àlejò. Ẹgbẹ́ kan ra wáìnì funfun Chablis ilẹ̀ Faransé lọ́wọ́ mi, wọ́n sì dá a padà pé ó ti kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n mu Chardonnay ti Gúúsù Áfíríkà láìráhùn. Irú àjàrà kan náà, Chardonnay, ni wọ́n fi ṣe méjèèjì. Ṣé ọtí náà ti bàjẹ́ ni? Kí sì nìdí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń kọ́kọ́ wo ọdún tó wà lára ìgò kí wọ́n tó dúnàádúrà?

Ọmọ Ìpẹru:
Ẹ kú ọjà, Ìyá wa. Ọtí yín kò bàjẹ́. Bí agbálùmọ̀ tó kọ́kọ́ jáde ṣe máa ń kan eyín ju ti ìgbẹ̀yìn lọ ni àjàrà náà rí: bí oòrùn ṣe ń pa á, bẹ́ẹ̀ ni adùn ń wọ inú rẹ̀ tí kíkan ń dínkù. Ní Chablis, tó wà lápá àríwá ilẹ̀ Faransé, ìgbà tí èso fi ń pọ́n kò gùn, òru rẹ̀ sì tutù, nítorí náà kíkan yẹn kò tíì lọ tán títí wọ́n fi ń ká a. Ṣúgà inú èso ni ìwúkàrà ń sọ di ọtí, ìdí nìyẹn tí wáìnì ilẹ̀ gbígbóná fi sábà máa ń le ju ti ilẹ̀ tútù lọ.

Àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré ilẹ̀. Ní etí odò Mosel, ní Jámánì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó kọjú sí gúúsù ni wọ́n ń wá gbin irú àjàrà kan tó ń jẹ́ Riesling sí, kí oòrùn lè rí i dáadáa, òkúta pẹlẹbẹ dúdú tó bo ilẹ̀ náà a sì gba ooru sára lọ́sàn-án, a wá máa tú u sílẹ̀ lálẹ́. Òkè Calmont ní abúlé Bremm, létí odò náà, dagun débi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ibẹ̀. Èmi tí mò ń roko láti kékeré kò ní gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ti ọdún ara ìgò, ọdún tí wọ́n ká àjàrà náà ni, ojú ọjọ́ ọdún kan kì í sì í rí bí ti òmíràn. Ẹ wo 2021. Igi àjàrà ti yọ ọ̀mùnú nígbà tí ìrì dídì já lù wọ́n ní Oṣù Kẹrin. Ní Chablis, àwọn àgbẹ̀ tan àbẹ́là ńláńlá sáàárín ebè lóru, àwọn mìíràn sì ń wọ́n omi sórí igi kí ó lè dì bo ọ̀mùnú, nítorí pé bí omi bá ń dì, ó máa ń tú ooru díẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí òtútù ibẹ̀ kọjá ibi tí ọ̀mùnú lè fara dà. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú irè ọdún náà ló ṣòfò. Ní 2003 ẹ̀wẹ̀, ooru mú ní Faransé débi pé inú Oṣù Kẹjọ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Burgundy, agbègbè tí Chablis wà, ti bẹ̀rẹ̀ ìkórè, kíkan ọtí ọdún yẹn sì kéré sí ti àtẹ̀yìnwá.

Ìyá Ọlọ́tí, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣé n kò wá ní kó Chablis wá mọ́ ni?

Ọmọ Ìpẹru:
Ẹ máa kó o, Ìyá wa, àmọ́ ẹ bi oníbàárà léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ. Bí ó bá jẹ́ edé tàbí ẹja díndín, Chablis tó tutù dáadáa ni kí ẹ fún wọn, nítorí kíkan rẹ̀ máa ń fọ òróró kúrò lẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ adùn, ẹ wá Riesling Mosel tí wọ́n fi ṣúgà díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Òmíràn kì í ju ìdá 8 nínú 100 lọ ní líle.