Disk kan kú nínú RAID mi, mi ò sì ní ẹ̀dà níbòmíì, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

OnífótòMọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kíákíá. Fótò àti fídíò ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn, ìgbéyàwó, ìkómọ, ìsìnkú, gbogbo ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ilé ni mo fi ń ṣiṣẹ́, Linux ló wà lórí ẹ̀, disk mẹ́rin oní 4TB ni mo fi mdadm, irinṣẹ́ Linux tó ń so disk pọ̀, tò pọ̀ ní RAID 5 (disk púpọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan, tí àyè disk kan nínú wọn ń lọ fún ohun tí wọ́n á fi tún ti èyí tó bá kú ṣe), ìyẹn fún mi ní 12TB, mo sì ti lo bíi 7TB níbẹ̀. Láàárọ̀ àná mo rí i pé ó ń falẹ̀, mo wo /proc/mdstat tó ń sọ bí RAID ṣe wà, ibi tó yẹ kí n ti rí [UUUU], U kan fún disk kan tó ń ṣiṣẹ́, [UU_U] ni mo bá. Ọ̀kan ti kú. Fáìlì ṣì ń ṣí o, kò sí èyí tó sọnù, àmọ́ mi ò ní ẹ̀dà kankan níbòmíì torí ohun tí wọ́n sọ fún mi nígbà tí mò ń tò ó ni pé tí disk kan bá kú àwọn yòókù á gbé e ró.

Ohun tó ń já mi láyà jù kì í ṣe iṣẹ́ àwọn oníbàárà. Bàbá mi àgbà ki oríkì ìdílé wa sínú kásẹ́ẹ̀tì 18, oníwákàtí kan-kan, kí wọ́n tó kú. Mo ti gbé gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní WAV (fáìlì ohùn tí wọn ò fún pọ̀), téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn sì ti ń já. Inú RAID yẹn nìkan ni ohùn wọn wà báyìí.

Mo ti ra disk tuntun, ó wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n kàn fi í síbẹ̀ kí rebuild bẹ̀rẹ̀ ni, ìyẹn kí àwọn yòókù tún ohun tó wà lórí èyí tó kú kọ sórí ẹ̀?

BàbáTáyé:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má tíì fọwọ́ kan disk tuntun yẹn, ẹ jẹ́ kó wà nínú páálí ẹ̀ ná.

Tí rebuild bá bẹ̀rẹ̀, disk mẹ́ta tó kù ló máa kà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àtibi tí fáìlì wà àtibi tó ṣófo, torí mdadm ò mọ ibi tí fáìlì wà. 4TB lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká ní ó ń ka 150MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ju wákàtí méje lọ, tẹ́ ẹ bá tún wá ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ ó lè di odidi ọjọ́ kan. Ṣé ọjọ́ kan náà lẹ ra disk mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ooru kan náà ni gbogbo wọn ti ń fara gbá, ohun tó pa ọ̀kan lè má jìnnà sí àwọn tó kù. Tí ìkejì bá lọ kí rebuild tó parí, ó tán nìyẹn, RAID 5 ò lè gbé ikú disk méjì. Àwọn tó ń ṣe disk ilé pàápàá máa ń kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lè wà nínú bit 10^14 (bit ni ẹyọ dátà tó kéré jù) tí kò ní ṣeé kà, ìyẹn bíi 12.5TB, rebuild yín sì fẹ́ ka 12TB. Kò túmọ̀ sí pé ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ o, ọ̀pọ̀ disk ń ṣe dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ èmi ò ní fi ohùn bàbá mi ta tẹ́tẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi `mount -o remount,ro` sọ ọ́ di èyí tí wọn ò lè kọ nǹkan sí. Lẹ́yìn náà ẹ gbé oríkì yẹn jáde kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Kásẹ́ẹ̀tì 18 oníwákàtí kan ní WAV ò ju bíi 11GB lọ, flash kékeré lásán gbà á, ẹ fi sí méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá external 8TB, ìyẹn disk tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà látìta, ẹ kó gbogbo ìyókù sí i, ìgbà yẹn lẹ tó fi disk tuntun síbẹ̀. Ẹ sì rí i pé bátìrì inverter kún, torí tí iná bá lọ lójijì nígbà tí RAID 5 ti dín disk kan, mdadm lè kọ̀ láti gbé e dìde fúnra ẹ̀.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta:
Gbogbo ohun tí Bàbá Táyé sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fi tèmi kún un torí ó dùn mí gan-an nígbà yẹn. Disk kankan ò kú nínú tèmi. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló pa odidi fódà ìgbéyàwó kan rẹ́, ó rò pé ẹ̀dà ni, RAID sì pa á rẹ́ lórí gbogbo disk lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ṣe. Mo ní external o, àmọ́ rsync, irinṣẹ́ tó ń da fáìlì kọ, pẹ̀lú --delete, tó ń pa ohun tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà mọ́ rẹ́ nínú ẹ̀dà, ni mo fi ń ṣe é lálaalẹ́, n'gbà tó di òru ó lọ pa á rẹ́ níbẹ̀ náà. Ìyàwó ọ̀hún sunkún lórí fóònù, mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ fún un.

Restic, irinṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà, ni mo ń lò báyìí, Borg irú ẹ̀ náà dáa, wọ́n máa ń tọ́jú bí nǹkan ṣe wà lánàá, lọ́sẹ̀ tó kọjá, lóṣù tó kọjá, téèyàn bá pa nǹkan rẹ́ lónìí tàná ṣì wà. Tẹ́ ẹ bá sì ti ṣe é tán ẹ yọ external yẹn kúrò lára kọ̀ǹpútà, tí wọ́n bá mú iná dé tó gbóná jù, á má bàa jó mọ́ ọn.

Àkànbí_Peckham:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà kan kúrò nílé yín pátápátá. Peter Krogh, oníṣẹ́ fótò bíi tiyín, ló jẹ́ kí 3-2-1 gbajúmọ̀: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níta. Mi ò ní ní kẹ́ ẹ fi 7TB ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó bá ń gbé 10Mbps lọ láìdákẹ́ ó ń lọ sí ọjọ́ 65, owó dátà ńkọ́? Oríkì nìkan ni kẹ́ ẹ gbé lọ sórí ẹ̀, ìyókù ẹ gbé external fún ẹbí tó ń gbé ìlú míì. Iṣẹ́ tí oníbàárà ti gbà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ẹ lè pa á rẹ́ kó má bàa gba àyè.

ÌyáÌbejì_Abẹ́òkúta:
Àkànbí, mi ò fara mọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Ẹni tó bá ń wá fótò ìyá ẹ̀ fún ìsìnkú, ọ̀dọ̀ ẹni tó ya ìgbéyàwó wọn ló ń bọ̀. Ó kéré tán kí wọ́n tọ́jú àwọn JPEG.

OnífótòMọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á bù kún yín. Oríkì ni mo kọ́kọ́ gbé, kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, flash méjì. Mo yá external 8TB lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, ó kó ẹrù yẹn látìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, fídíò méjì kọ̀ kò ṣeé kà, mo fi smartctl, irinṣẹ́ tó ń yẹ ìlera disk wò, wò ó, disk àkọ́kọ́ náà ti ní Current_Pending_Sector 24, ìyẹn ibi 24 lórí ẹ̀ tí kò rí kà dáadáa mọ́. Bàbá Táyé, ọjọ́ kan náà ni mo ra gbogbo wọn lóòótọ́. Mi ò tíì ṣe rebuild, mo ń wá owó disk kejì. Màá tọ́jú àwọn JPEG, Ìyá Ìbejì.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, flash kan á bá wọn lọ. Mo ṣí kásẹ́ẹ̀tì kẹsàn-án lórí ẹ̀ kí n tó dì í, ohùn bàbá jáde ketekete.